Àtúnṣe: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé Kò Pàṣẹ Ogun Iraq Ọdún 2003

Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n gbà sórí fóònù ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn l'Ábẹ́òkúta. Nídìí àtẹ ìwé ìròyìn ní Pánṣẹ́kẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ń gbé e sétí àwọn bàbá tó ń jiyàn ogun. Ó ní Ìpinnu 1441 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ní kí Amẹ́ríkà wọ Iraq. Irọ́ ni.

Ìpinnu náà wà lóòótọ́. Gbogbo orílẹ̀-èdè 15 tó wà nínú Ìgbìmọ̀ Aláàbò àjọ náà ló dìbò fún un lóṣù kọkànlá ọdún 2002. Àǹfààní ìkẹyìn ló fún Iraq láti jẹ́ kí àwọn olùyẹ̀wò ohun ìjà olóró ṣiṣẹ́ wọn, ó sì kìlọ̀ pé wàhálà ńlá lè tẹ̀lé àìgbọràn. Kò sí ibi tó ti ní kí ẹnikẹ́ni gbógun lọ. Bó bá ti pàṣẹ ni, kí ló dé tí Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba tún lọ ń wá ìpinnu mìíràn lọ́dún 2003? Wọn ò rí ìbò tó, wọ́n pa á tì, ogun sì bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta. Kofi Annan, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà àjọ náà nígbà náà, sọ lọ́dún 2004 pé ogun náà kò bófin mu.

Ìjọba Ìlú Ọba sọ nígbà náà pé àṣẹ tí àjọ náà pa lọ́dún 1990 pé wọ́n lè gbógun ti Iraq, Ìpinnu 678, ṣì ń ṣiṣẹ́. N ò gbà. Ọ̀rọ̀ Kuwait, orílẹ̀-èdè tí Iraq fipá gbà, ló bí àṣẹ yẹn, ète rẹ̀ sì hàn kedere: nígbà tí wọ́n lé ọmọ ogun Iraq kúrò níbẹ̀ lóṣù kejì ọdún 1991, ìjà dúró. Ti 2003 ńkọ́? Ohun ìjà olóró ni wọ́n ní àwọn ń wá. Àwọn tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ rán lọ wá a kò bá a níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohùn yẹn ránṣẹ́ mọ́.