Kò sí ìràwọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Roger Maris

Ẹ dárúkọ Roger Maris níbi tí àwọn olólùfẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bá jókòó sí, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ pé, "Ẹni tí wọ́n fi ìràwọ̀ sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ bésíbọ́ọ̀lù ńkọ́?" Ìràwọ̀ tí wọ́n ń wí ni àmì * tí àwọn òǹtẹ̀wé máa ń lò láti sọ fún òǹkàwé pé àlàyé wà nísàlẹ̀ ojú ìwé. Wọ́n ní nígbà tí Maris gbá home run 61 ní 1961, tó fi ẹyọ kan ju 60 tí gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Babe Ruth gbá ní 1927, èyí tó pọ̀ jù lọ ní sáà kan títí di ìgbà náà, àwọn aláṣẹ tẹ àmì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ògo rẹ̀ kò pé. Irọ́ ni. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ rí.

Fún ẹni tí eré náà ṣàjèjì sí, home run ni kí ẹni tó di igi mú gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá, kí ó sì yí béèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká wálé.

Ọdún 1961 gan-an ni líìgì American League kúrò ní ẹgbẹ́ mẹ́jọ, tó di mẹ́wàá. Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń bá ẹgbẹ́ méje yòókù pàdé ní ìgbà 22, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ eré 154. Nígbà tí alátakò di mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń pàdé ní ìgbà 18, ó di 162. Eré mẹ́jọ ló lé. Nígbà tí yóò fi di oṣù Keje, Maris àti Mickey Mantle, àwọn méjèèjì ọmọ ẹgbẹ́ New York Yankees, ti ń lé Ruth bọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, Ford Frick tó jẹ́ kọmíṣánnà bésíbọ́ọ̀lù pe àwọn oníwèé ìròyìn, ó ní ẹni tí kò bá lè kọjá 60 láàárín eré 154 gbọ́dọ̀ ní àmì ìyàtọ̀ kan nínú ìwé àkọsílẹ̀. Kò dárúkọ ìràwọ̀. Dick Young, akọ̀ròyìn Daily News, ló dábàá rẹ̀ níbẹ̀, orí àwọn oníwèé ìròyìn ló sì ti tàn kálẹ̀. Frick yìí kan náà ti jẹ́ akọ̀ròyìn rí, òun sì ni ó máa ń bá Ruth kọ àwọn àpilẹ̀kọ tó ń jáde lórúkọ Ruth. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe adájọ́!

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò nìyí: Frick kò ní ìwé kankan tí yóò fi àmì sí. Láyé ìgbà náà, ọ́fíìsì kọmíṣánnà kì í tẹ ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Àwọn òǹtẹ̀wé aládàáni bíi The Sporting News ló ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n ya ìlà méjì sọ́tọ̀: Maris, 61, sáà eré 162, Ruth, 60, sáà eré 154. Ó dun Maris, kò sì yẹ kó má dùn ún, ṣùgbọ́n ìlà méjì kì í ṣe ìràwọ̀. Frick fúnra rẹ̀ kọ̀wé ní 1973 pé kò sí ìràwọ̀ kankan.

Eré kẹrìnléláàádọ́jọ bọ́ sí Baltimore ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án. Home run 58 ni Maris gbé wọ pápá. Ó gbá ìkọkàndínlọ́gọ́ta mọ́ Milt Pappas lọ́wọ́. Nígbà tó dìde kẹ́yìn, Hoyt Wilhelm ló ń ju bọ́ọ̀lù fún un; bọ́ọ̀lù kàn yí gbirigbiri nílẹ̀ ni, Wilhelm fúnra rẹ̀ ló sì he é. Ní ọjọ́ 26, ó gbá 60. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn sáà, ó gbá 61 mọ́ Tracy Stallard ti Boston lọ́wọ́ ní abala kẹrin. Yankees borí pẹ̀lú 1-0. Èrò tó wà nínú pápá kò ju 23,154 lọ, bẹ́ẹ̀ pápá náà ń gba èrò tó ju 60,000. Ọ̀rọ̀ Frick ti jẹ́ kí ará ìlú gbà pé ohun tó ṣe kókó ti parí ní Baltimore.

Ẹ jẹ́ ká wo eré mẹ́jọ tí wọ́n ń pariwo yẹn. Ìgbà 698 ni Maris dìde lọ sídìí igi lọ́dún náà. Ti Ruth ní 1927 jẹ́ 691. Méje péré ni ìyàtọ̀! Ẹni tó bá fẹ́ jà fún Ruth ní ibì kan tó lè dì mú ṣá o: wọ́n ju bọ́ọ̀lù síta fún un tó fi rìn lọ sí béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìgbà 137, ti Maris jẹ́ 94. Torí náà Maris rí àyè 590 láti gbá bọ́ọ̀lù, Ruth rí 540. Àríyànjiyàn gidi nìyẹn, kì í ṣe ti ìràwọ̀.

Wọ́n tún ní ògiri apá ọ̀tún Yankee Stadium ìgbà náà, pápá ẹgbẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 296 péré lẹ́bàá ìlà, ló gbè é nítorí ọwọ́ òsì ló fi ń gbá. 30 ló gbá nílé, 31 ló gbá ní pápá àwọn alátakò. Ohun tó gbè é ni Mantle, tó máa ń dìde lọ sídìí igi lẹ́yìn rẹ̀, tí òun náà gbá 54. Láyé ìgbà náà, ajubọ́ọ̀lù tó bá bẹ̀rù ẹni tó di igi mú lè mọ̀ọ́mọ̀ ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin síta kí onítọ̀hún máa rìn lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọn ò ṣe é fún Maris ní 1961, torí ta ni yóò sá fún Maris kó lọ kó sọ́wọ́ Mantle?

Àwọn tó ń sọ pé ọdún kan ṣoṣo ló fi tayọ náà kò wo ìwé. Òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó tayọ jù lọ nínú líìgì ní 1960, kó tó tún gbà á ní 1961.

Maris kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 1985, ẹni ọdún 51. Ní 1991, ìgbìmọ̀ tí kọmíṣánnà Fay Vincent darí pa ìlà méjèèjì pọ̀, 61 nìkan ló kù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kọ ọ́ nígbà náà pé wọ́n ti "yọ ìràwọ̀ náà kúrò".

Ìràwọ̀ kan wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé bésíbọ́ọ̀lù ní Cooperstown lóòótọ́. Ara bọ́ọ̀lù ló wà, kì í ṣe inú ìwé: bọ́ọ̀lù home run 756 tí agbábọ́ọ̀lù Barry Bonds fi di ẹni tó gbá home run jù lọ ní gbogbo ìgbà eré rẹ̀, tí oníṣòwò aṣọ kan, Marc Ecko, rà ní 2007, tó ní kí àwọn ènìyàn dìbò lé lórí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì gẹ́ * sí i lára kó tó fi ta wọ́n lọ́rẹ.