Àtúnṣe: Èrò Olùdásílẹ̀ Kọ́ Ni Ó Ń Darí Ilé-Ẹ̀kọ́ Títí Ayé

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn lórí Wásáàpù láàárín àwa ará Ilé-Ifẹ̀, pé èrò ọkàn ẹni tí ó dá àjọ sílẹ̀ ni àjọ náà yóò máa tẹ̀lé títí ayé. Wọ́n fi Yunifásítì wa ṣe ẹ̀rí: wọ́n ní Awólọ́wọ̀ ni ó dá a sílẹ̀, èrò rẹ̀ ni ó sì ń darí rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀rí náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ó fi òfin dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961, nígbà tí Akíntọ́lá jẹ́ Prẹ́míà, tí Awólọ́wọ̀ sì ti wà ní Èkó gẹ́gẹ́ bí olórí alátakò. Ọdún 1987, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni a tó fi orúkọ rẹ̀ pè é. N kò fi èyí bu ọlá rẹ̀ kù, nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ni ó wà nípò nígbà náà.

Ìjọba ẹkùn fẹ́ yunifásítì tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ gbà á, agbára owó àti àṣẹ sì kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó dá a sílẹ̀: lónìí, JAMB, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìgbaniwọlé, ni ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Ṣókótó jọ ń gbà wọlé, NUC, àjọ tí ń bójú tó àwọn yunifásítì, ní Àbújá ni ó sì ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tuntun. Ohun tí ó ṣẹ́kù, bí ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ Yunifásítì náà nípa ẹ̀kọ́ àti àṣà, ṣẹ́kù nítorí pé àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn yàn láti pa á mọ́.