Ẹ Yé Dá Pásítọ̀ Wa Lóró Nítorí Ìwé Ìgbéyàwó

Láti Kábà dé Mọ̀pà ní ìpínlẹ̀ Kogí, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó bá fẹ́ so tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ òfin yóò gbọ́ ọ ṣáá lọ́fíìsì akọ̀wé ìgbéyàwó ìjọba: "Bàbá, ọ̀gá ti lọ Lọ́kọ́ja." Ọ̀gá wo ni kì í délé?

Òfin ò le rárá. Tọkọtaya á fi ìkéde sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó, akọ̀wé á lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21. Bí ẹnikẹ́ni ò bá takò ó, kí akọ̀wé fún wọn níwèé àṣẹ, ó parí. Àmọ́ oṣù 3 péré ni ìkéde yẹn ní, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í sílẹ̀! Bí "ẹ padà wá lọ́la" bá jẹ oṣù 3 náà tán, ìkéde ti kú nìyẹn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ ẹbí ti wà lọ́wọ́ télọ̀, wọ́n ti sanwó màlúù, pásítọ̀ ò sì gbọdọ̀ so wọ́n pọ̀ láìrí ìwé àṣẹ. Òun làwọn ẹbí máa ń bínú sí!

Lẹ́yìn ìgbéyàwó ńkọ́? Láàárín ọjọ́ 7 ni pásítọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Yóò gbé e dé, kò ní rẹ́ni gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọ̀gá bá ń rìnrìn àjò, ẹ fi ẹni tó láṣẹ àtibuwọ́lùwé sílẹ̀.