Ìṣẹ́jú márùn-ún ò tó fi dá ẹjọ́ géèmù

Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Alásàárì, ọmọkùnrin kan tó máa ń wá gbá bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù géèmù mi ní Tanke, nílùú Ìlọrin, bi mí pé kí ni mò ń ṣe lórí láptọ́ọ̀pù. Mo ní géèmù oko ni, mo sì dìde kó jókòó gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó fi ọkọ́ ro ilẹ̀ díẹ̀, ó gbin irúgbìn, ó bu omi sí i, ó wọlé lọ sùn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́ nínú géèmù náà, ó gbé ọwọ́ kúrò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, èyí kì í ṣe géèmù. Èyí tí kò bá ti mú èèyàn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kò lè mú un mọ́. Ẹ tún wo àwòrán ẹ̀, bíi ti ayé àtijọ́." Àwọn mẹ́ta tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n ní òótọ́ ló sọ.

Mi ò bá a jiyàn níbẹ̀, torí àwọn tó ti sanwó ń retí pádì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í sọ ọ́ sí mi létí. Wọ́n ní ojú lèèyàn fi ń mọ géèmù tó dáa. Wọ́n ní èyí tí ẹnì kan ṣoṣo jókòó ṣe ní yàrá ẹ̀ kò lè dé ibi tí ti ilé-iṣẹ́ ńlá dé. Wọ́n ní èyí tó bá ń fara wé iṣẹ́, bíi ká dáko tàbí ká wa ọkọ̀ akẹ́rù, kì í ṣe géèmù rárá. Àwọn ọmọ yunifásítì ń sọ ọ́, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń sọ ọ́, àwọn bàbá tó wá fa ọmọ wọn lọ sílé náà ń sọ ọ́. Kò sí òótọ́ ńbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú géèmù oko yẹn gan-an. Stardew Valley ni wọ́n ń pè é. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Eric Barone ló ṣe é. Òun nìkan ló ya àwòrán inú ẹ̀, òun ló ṣe orin ẹ̀, òun ló kọ ìtàn ẹ̀ àti gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó gbé e ró. Bí ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ ló fi wà nídìí ẹ̀, láàárín ìgbà yẹn ó ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé tíátà kan ní Seattle, ó ń júwe ìjókòó fún àwọn tó wá wòran. Oṣù kejì ọdún 2016 ló gbé e jáde. Kí ọdún 2024 tó parí, iye ẹ̀dà tí wọ́n ti tà ti kọjá mílíọ̀nù 40.

Ẹ wá wo bí aago ṣe ń rìn nínú ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti inú géèmù jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 7 lójú ayé. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀, aago méjì òru ló ń parí. Tí èèyàn kò bá tètè lọ sùn, ọjọ́ kan á gbà tó ìṣẹ́jú 14. Irúgbìn tí wọ́n kọ́kọ́ fi lé èèyàn lọ́wọ́ jẹ́ 15, parsnip ni, ewébẹ̀ kan tó dà bíi kárọ́ọ̀tì funfun. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń dàgbà. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kéèyàn tó fa ẹyọ kan tu. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n ń pariwo yìí, tí ọmọ yẹn kò bá sáré lọ sùn, aago kan ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa bá a. Òmù-Àrán ni wọ́n ti bí ìyá mi. Mi ò tíì rí àgbẹ̀ kan níbẹ̀ tó gbin iṣu lónìí, tó wá lọ dúró ti ebè lọ́la pé kó fún òun ní iṣu.

Ohun tó sì dùn mí jù ni pé ọjọ́ kejì lọmọ yẹn dúró. Lọ́dún àkọ́kọ́ nínú géèmù yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti ń gbá a, ọjọ́ kẹta ni òjò máa rọ̀ fún un. Òjò yẹn ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀ fún èmi.

Torí èmi náà ti ṣe bí ọmọ yẹn rí. Ìgbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni mo kọ́kọ́ gbé e sórí fóònù mi. Oko tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kún fún òkúta àti kùkùté, okun ọkùnrin inú géèmù ti tán kí ọ̀sán tó pọ́n, mo bá pa á rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò síbi à ń lọ, mo tún gbé e padà. Lọ́jọ́ kẹta, òjò rọ̀. Kò sí omi tí mo fẹ́ bu rin mọ́, ọwọ́ mi dilẹ̀, mo bá bọ́ sígboro ìlú náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin kan tó ń gbé inú àgọ́ lábẹ́ òkè, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàánú òun. Mo rí òmíràn tó ń fi ọtí pa ìbànújẹ́ rẹ̀. Mo rí ọmọdé tí bàbá ẹ̀ lọ sójú ogun. Gbogbo wọn ló ní ọjọ́ ìbí, gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n fẹ́ràn àti ohun tí wọn kò fẹ́ rí. Mi ò mọ̀ rárá pé èèyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí mo pè ní géèmù ewébẹ̀. Tí n bá dúró lórí ẹjọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ǹ bá máa sọ fún yín lónìí pé kò dáa, ẹnu mi á sì dá mi lójú.

Gbogbo ọmọ Ìlọrin ló mọ oríkì ìlú yìí: ìlú tóbi tó báyìí, wọn ò léégún rárá, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Àlejò tó bá wọ Ìlọrin tó ń wá eégún kiri á wá a títí, á sì lọ sọ nílé pé ìlú náà kò lọ́dún. Kò sì sẹ́ni tó fi ẹṣin pamọ́ fún un. Ohun tí kò sí ló fi ojú ẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an lẹni tó ń wá góòlù tàbí ìbọn nínú géèmù tó ń fara wé iṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn gan-an leégún ibẹ̀.

Awakọ̀ tírélà kan wà ládùúgbò wa, Bàbá Ràfíù là ń pè wọ́n, wọ́n ti ju ogún ọdún lọ lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Èkó. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń gbá Euro Truck Simulator 2, géèmù wíwa ọkọ̀ akẹ́rù tí ilé-iṣẹ́ SCS Software ní Prague gbé jáde lọ́dún 2012. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. "Ìwọ ọmọ yìí, iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí n sùn lo fi ń ṣeré?" Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú ọ̀nà lásán ni, kò sí nǹkan kan. Wọ́n sáré kọjá iná pupa, géèmù yọ owó ìtanràn lára wọn, wọ́n ń bú u. Nígbà tó di pé kí wọ́n fi ẹ̀yìn gbé tírélà wọ ààyè tí wọ́n ti fẹ́ já ẹrù, ẹnu wọn pa rọ́rọ́. Ẹni tó bá ti wa tírélà rí mọ̀ pé tí o bá fẹ́ kí ìdí ẹ̀ gba ọ̀tún nígbà tó ń lọ sẹ́yìn, apá òsì lo máa kọ́kọ́ yí ọwọ́ sí. Géèmù náà mọ̀ ọ́n. Bàbá Ràfíù wò mí, wọ́n ní, "Ẹni tó ṣe eléyìí bá awakọ̀ jókòó." Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà wá, wọ́n wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹ̀, gbogbo ọkọ̀ bọ́ sápá òsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pé apá òsì náà ni Nàìjíríà ń gbà kó tó di oṣù kẹrin ọdún 1972, pé bàbá àwọn wà lójú títì lọ́jọ́ tí wọ́n yí i padà. Mi ò rí ìgbà kankan tí géèmù bọ́ọ̀lù mú àgbàlagbà sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ ó ní Bàbá Ràfíù jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo Among Us. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún yìí náà lẹ gbá a lọ́dún 2020 títí dátà fi tán. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ariwo yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé oṣù kẹfà ọdún 2018 ló ti jáde? Ó wà nílẹ̀ fún ọdún méjì, àwọn èèyàn wò ó, wọ́n rí àwọn ọmọlangidi aláwọ̀ mèremère tí kò lọ́wọ́, wọ́n kọjá lọ. Àwọn tó ń gbá a kéré gan-an nígbà yẹn. Ilé-iṣẹ́ InnerSloth ló ṣe é. Àwọn mẹ́ta péré sì ni wọ́n. Lọ́dún 2020 ni àwọn tó ń gbá géèmù fáwọn èèyàn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbé e, gbogbo ayé bá dà sínú ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, InnerSloth kéde pé àwọn máa ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n pa ti ẹlẹ́ẹ̀kejì tì, wọ́n padà sídìí àkọ́kọ́. Àwòrán ẹ̀ kò yí padà láàárín ọdún méjì yẹn. Ohun tó yí padà ni pé àwọn èèyàn jókòó tì í pẹ́ tó láti mọ̀ pé irọ́ pípa láàárín ọ̀rẹ́ lohun tí géèmù náà dá lé.

Vampire Survivors náà ńkọ́? Luca Galante, ọmọ Ítálì, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nǹkan bíi dọ́là mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á. Tí ẹ bá rí àwòrán ẹ̀, ẹ ó rò pé géèmù ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni. Ẹ kì í tẹ nǹkan kan láti jà, rírìn nìkan lẹ máa ń rìn, ohun ìjà ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 ni ọ̀pọ̀ ìpele ẹ̀, ìgbà tó bá sì ń lọ sópin ni ọ̀tá máa ń kún ojú ẹ̀rọ dẹ́nu. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, BAFTA, àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fún fíìmù àti géèmù ní ẹ̀bùn, fún un ní ẹ̀bùn géèmù tó dára jù lọ́dún. Elden Ring àti God of War Ragnarök, tí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe, wà lára àwọn tó bá a du ẹ̀bùn náà. Géèmù dọ́là mẹ́ta ló gbé e lọ.

Ìdàkejì ẹ̀ náà wà. Cyberpunk 2077 láti ọ̀dọ̀ CD Projekt Red ní Poland, gbogbo wa la rí àwòrán tí wọ́n fi polówó ẹ̀, ẹnu yà wá. Ó jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2020. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Sony fi yọ ọ́ kúrò lórí PlayStation Store, torí àṣìṣe inú ẹ̀ pọ̀ jù. Oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó padà síbẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà, ó sì di ohun tó ṣeé fi yangàn. Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀: ojú àkọ́kọ́ pa irọ́ fún wa lẹ́ẹ̀mejì lórí géèmù kan ṣoṣo.

Wọ́n máa ń fèsì pé dátà wọ́n, pé kò sí iná, kò sáyè ìdánwò. Àwọn géèmù kékeré yìí gan-an ni kì í jẹ dátà. Stardew Valley kò tó GB kan, géèmù bọ́ọ̀lù tí ẹ ń rà lọ́dọọdún ju GB 30 lọ. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ, tẹlifíṣọ̀n máa kú, láptọ́ọ̀pù mi ṣì máa wà láàyè. Steam tó ń ta géèmù fún gbogbo ayé pàápàá gbà kéèyàn gbá a fún wákàtí méjì, kó tó dá a padà gba owó ẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tó ń tajà fún yín ní wákàtí méjì, ẹ̀yin fi ìṣẹ́jú márùn-ún dájọ́.

Mo gbà pé àwọn kan wà tí ìṣẹ́jú méjì tó láti mọ̀ pé ìpolówó lásán ló kún inú wọn. Fóònù kún fún irú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kọ́ là ń sọ.

Ọmọ ọjọ́ Sátidé yẹn kò tíì padà wá. Mi ò pa oko ẹ̀ rẹ́. Ó ṣì wà nínú láptọ́ọ̀pù mi, ọjọ́ kejì, parsnip 15, ilẹ̀ ẹ̀ gbẹ. Nínú géèmù yẹn, irúgbìn tí a kò bu omi rin kì í kú, ńṣe ló máa dúró sójú kan títí olóko á fi dé. Tó bá wá lọ́sẹ̀ yìí, kó bu omi sí i, kó lọ sùn. Òjò máa rọ̀ tó bá jí.