Ta Ló Ń Gbé Inú Pápákọ̀ Òfurufú?

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni bàálù ń lò láti London dé Paris, kó kọ́kọ́ sọ bóyá inú pápákọ̀ òfurufú ló ń sùn.

Kì í ṣe irọ́ o. Nǹkan bíi kìlómítà 344 ni bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju Èkó sí Jẹ́bà lọ. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹyẹ, Peckham, ní gúúsù London, ni mò ń gbé.

Àbúrò mi obìnrin bímọ ní Paris, aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni ìsọmọlórúkọ. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ ra oyin, pé màá gbé ojúlówó wá. Aago mẹ́ta òru kò tíì lù tí mo ti wà ní ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì òru gbé mi dé Victoria, mo tún wọ òmíràn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé pápákọ̀ mẹ́fà ló ń jẹ́ London lórí tíkẹ́ẹ̀tì, títí kan Southend tó wà lẹ́bàá òkun lọ́hùn-ún. Èyí tí owó mi ká wà ní àríwá. Paris sì rèé, gúúsù ló wà!

Níbi àyẹ̀wò ẹrù, ọmọbìnrin kan gbé ìgò oyin mi sókè. Ó ní ohun olómi kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ níbẹ̀. Mo ní oyin ni, kì í ṣe omi. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jù ú sínú garawa ńlá. Oyin ìsọmọlórúkọ! Díẹ̀ ló kù kí n ní kó jẹ́ kí n lá a tán níbẹ̀.

Bàálù ní tiẹ̀ kò jẹ̀bi. Tíì tí mo rà kò tíì tutù tí wọ́n fi ní ká de bẹ́líìtì, a ti ń balẹ̀. Àfi bí fóònù mi ṣe fi wákàtí kan kún aago fúnra rẹ̀, torí Paris fi wákàtí kan ṣíwájú. Èmi àti páálí aláwọ̀ ewé wa tún wá tò sórí ìlà tí kò lọ tí kò bọ̀. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti kọjá kí n tó kan ilẹ̀kùn wọn. Ọmọ ti gba orúkọ, ṣúgà ni wọ́n fi rọ́pò oyin. Wọ́n ní kí n sọ tèmi náà. Mo sọ ọ́, nígbà tí wọ́n ti ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ọkọ̀ ojú irin abẹ́ òkun ńkọ́? Láti 1994 ló ti ń ná ọ̀nà yẹn. Ní báyìí, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 16 ni èyí tó yá jù ń lò láti St Pancras ní London dé Gare du Nord ní Paris, ìgboro sí ìgboro, ẹnikẹ́ni kì í sì í gba oyin lọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀. Àwọn Faransé pàápàá fòfin de bàálù láti Orly, pápákọ̀ òfurufú kan ní Paris, sí ìlú Lyon ní 2023, torí ọkọ̀ ojú irin ń débẹ̀ kí wákàtí méjì ààbọ̀ tó pé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wo iye tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ abẹ́ òkun yẹn lọ́sẹ̀ tí mo lọ kí ẹ tó bá mi wí: ó ju ìlọ́po mẹ́ta owó tí mo san lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, màámi pè láti Ìbàdàn. Wọ́n ní ṣé ọ̀nà ibẹ̀ jìn?

Mo ní, "Rárá mà, bíi wákàtí kan péré ni."

Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.