Òòyì Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n Ẹ̀jẹ̀ Ríru

"Ìyá, bíípì yín ló gòkè yẹn." Bíípì ni ìwọ̀n agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan. Gbólóhùn yìí kì í pẹ́ jáde bí àgbàlagbà kan bá di ògiri mú pé òòyì ń kọ́ òun, ìbáà jẹ́ ní Ọjà Ọba n'Ílọrin, ìbáà jẹ́ ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán. Kí wọ́n tó rí àga fún un, ẹnì kan á ti yọ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, jáde nínú báàgì pé kó fi ẹyọ kan kún èyí tó lò láàárọ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ẹni tí òòyì kò kọ́ láti oṣù mẹ́ta á ní bíípì òun ti lọ, á sì pa oògùn tì. Ìgbàgbọ́ kan náà, pé òòyì ni òṣùwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, ló bí àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tó sàn nínú wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ké àgò kó tó wọlé. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 170/100 lè ti oko dé, kó gúnyán, kó sì tún jó níbi ìnáwó láìmọ nǹkan kan lára. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ ọ́, ẹ̀rọ náà sì ní bí a ṣe ń lò ó. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ gbé ọwọ́ lé tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí wọ́n wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ awọ ara, kì í ṣe lórí apá ẹ̀wù. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tàbí tó mu kọfí, kó dúró fún ìdajì wákàtí. Ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, kó kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Bó bá ń jẹ́ 140/90 sókè lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn, òòyì ì báà kọ́ni, kó má kọ́ni.

Kí ló wá mú kí ìgbàgbọ́ yìí lẹ̀ típẹ́típẹ́? Ìgbà tí òòyì ń kọ́ èèyàn lọ́wọ́ gan-an la máa ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ilé ń yí lójú rẹ̀, tó ń bì, tí ẹ̀rù sì ti bà á pé bóyá ọlọ́jọ́ dé, báwo ni bíípì rẹ̀ kò ṣe ní gòkè? Òòyì ló tì í sókè, àwa wá ní gíga rẹ̀ ló fa òòyì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irú òòyì tó wọ́pọ̀ jù sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ohun yòówù téèyàn bá ń lò lásìkò náà ló máa gba ọpẹ́ rẹ̀, hóró oyìnbó ni o, àgbo ni o.

Etí ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní ìkọjá ìlù etí, nínú lọ́hùn-ún, ọ̀nà omi mẹ́ta wà tó tẹ̀ bí òrùka. Bí orí bá yí, omi inú wọn a máa fà sẹ́yìn díẹ̀, ọpọlọ a sì fi ìyẹn mọ ibi tí orí ń yí sí. Lẹ́bàá wọn ni àpò kékeré kan wà tí òkúta wínníwínní lẹ̀ mọ́ nínú, òkúta tí èròjà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìkarahun ìgbín. Ọjọ́ ogbó, tàbí kí èèyàn fi orí gbá nǹkan, lè mú kí díẹ̀ já nínú wọn, kó sì bọ́ sínú ọ̀nà omi, pàápàá èyí tó wà lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bí orí bá ti tẹ̀, òkúta á yí gbirigbiri, á ti omi, etí á sì jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé orí ń yí nígbà tí ojú ń sọ pé kò kúrò lójú kan. Ìjà àárín àwọn méjèèjì là ń pè ní òòyì.

Irú èyí ní ohun tó ń ta á jí. Èèyàn yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbójú sókè láti mú ìkòkò lórí pẹpẹ. Ó gbé orí kúrò ní sùjúdù ní ìrun Àsùbá, ó sì rọra fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹní mú. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ á kọjá, yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó, kò sì ní pé ìṣẹ́jú kan tí yóò fi dáwọ́ dúró. Ẹni tó ní láti àárọ̀ ló ti ń yí òun, ẹ bi í dáadáa: lọ́pọ̀ ìgbà, inú rírìn ló pẹ́, yíyí gan-an kò pẹ́.

Dókítà etí kan, Robert Bárány, ló là wá lójú sí ọ̀rọ̀ etí yìí. Ní Vienna, bó bá ń fi omi fọ etí àwọn aláìsàn, òòyì máa ń kọ́ wọn. Ó rí i pé bí omi bá tutù, ẹyinjú wọn á máa fò lọ sí apá kan. Bó bá gbóná, á fò lọ sí apá kejì. Bó ṣe mọ̀ nìyẹn pé ìgbóná àti òtútù ló ń sún omi inú etí. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1914 tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, inú àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Rọ́ṣíà ló sì wà nígbà tí ìròyìn rẹ̀ kàn án. Títí dòní, omi gbígbóná àti omi tútù là ń dà sétí láti mọ etí tó ti rẹ̀ nínú méjèèjì.

Ìwòsàn òkúta tó já kò ní hóró nínú. Àwọn dókítà méjì, Dix àti Hallpike, kọ nípa bí a ṣe ń dá a mọ̀ ní 1952. Dókítà John Epley ní Amẹ́ríkà kọ nípa bí a ṣe ń dá òkúta padà sáyè rẹ̀ ní 1992. Etí tó bá wà nísàlẹ̀ nígbà tí òòyì dé lórí bẹ́ẹ̀dì ló sábà máa ń jẹ́ ẹlẹ́jọ́. Ká ní tọ̀tún ni. Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ fi ìrọ̀rí sí ibi tí èjìká máa bọ́ sí. Ẹ yí ojú sí ọ̀tún, ní agbedeméjì iwájú àti èjìká. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ kíá, kí orí rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Òòyì á dé. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì dìde. Ẹ ka 30, tàbí títí yóò fi dáwọ́ dúró. Láìgbé orí sókè, ẹ yí i sí òsì títí yóò fi kọjú sí èjìká òsì lápá kan. Ẹ tún ka 30. Ẹ wá fi ìhà òsì dùbúlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara, kí ojú máa wo ilẹ̀. Ẹ ka 30 sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra jókòó, kí àgbọ̀n tẹ̀ sí ọ̀nà àyà.

Kánjúkánjú ló ń bà á jẹ́. Bí a kò bá dúró tó, òkúta á dúró lágbedeméjì ọ̀nà; bí a bá gbé orí sókè láàárín, á yí padà síbi tó ti ń bọ̀; bó bá sì jẹ́ etí òsì ló ń yọni lẹ́nu, asán ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ọrùn ń dùn, tàbí tí wọ́n ti sọ fún pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ kò dára, kó jẹ́ kí dókítà ṣe é fún un. Cinnarizine, oògùn òòyì tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì, kò lè ti òkúta. Bí àgbàlagbà bá ń lò ó fún oṣù púpọ̀, ó lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ìrìn sì wúwo.

Ẹ̀fọ́rí túúlu náà ń kọ́ni lóòyì. Tirẹ̀ máa ń gba ìṣẹ́jú 5 sí wákàtí 72; ìmọ́lẹ̀ àti ariwo máa ń ni aláìsàn lára. Nígbà míì, orí gan-an kò ní fọ́ lọ́jọ́ náà, ohun tó sì ń mú kí àwọn ará ilé máa wá aṣebi kiri nìyẹn.

Òmíràn wà tó jẹ́ pé oògùn bíípì gan-an ló fà á. Bí ojú bá ń ṣú, tí ara ń fò lọ nígbà tí èèyàn bá dìde, ẹ wọ̀n bíípì rẹ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1 àti 3 tó bá dúró. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tìsàlẹ̀ fi 10, ó lè jẹ́ oògùn ló pọ̀ jù, tàbí omi ló dín lára, bó ṣe máa ń rí lọ́sàn-án Ramadan. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n tún fi hóró kan kún tirẹ̀!

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wá ní ẹjọ́ tirẹ̀ ni rọpárọsẹ̀. Ìwádìí SIREN tí Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn léwájú fún, tó jáde ní 2018, gbé àwọn 2118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kan náà tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ga jù nínú ohun tó ń fà á. Bó bá sì jẹ́ ọpọlọ ẹ̀yìn orí ni rọpárọsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu lè má wọ́, ọwọ́ lè má rọ. Òòyì nìkan ló lè hàn. Òòyì yìí kì í dúró de kí a yí orí, kì í sì í parí ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹni tí òòyì kò tí ì fi sílẹ̀ láti wákàtí púpọ̀, ojú rẹ̀ ni dókítà ń wò. Á ní kó tẹjú mọ́ imú òun, á sì yí orí rẹ̀ fìrí lẹ́ẹ̀kan. Bí etí bá ti bàjẹ́, ẹyinjú á bá orí lọ, á wá sáré padà sí imú. Bó bá dúró sójú kan láìyẹ̀, etí ṣì pé, ìyẹn gan-an ló yẹ kó dẹ́rù bani. Bí ẹyinjú bá ń fò sí òsì nígbà tó wo òsì, tó tún ń fò sí ọ̀tún nígbà tó wo ọ̀tún, ọpọlọ ni. Bí wọ́n bá bo ojú kan tí wọ́n ṣí i, tí ẹyinjú sì tún ara rẹ̀ ṣe sókè tàbí sísàlẹ̀, ọpọlọ náà ni. Àwọn dókítà Kattah, Newman-Toker àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dán èyí wò lára èèyàn 101 ní 2009: kò sí rọpárọsẹ̀ kan tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, nígbà tí àwòrán inú ọpọlọ tí ẹ̀rọ MRI kọ́kọ́ yà pàdánù 12 nínú 100. Àwòrán tí ẹ̀rọ CT ń yà tún kéré sí i fún irú èyí; bó bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ má tìtorí ẹ̀ lọ sílé.

Bí òòyì bá dé lójijì tí èèyàn kò lè dúró láìdi nǹkan mú, tó ń rí ohun kan ní méjì, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, tàbí tí etí kan di lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn. Ẹ má fi nifedipine, oògùn tó ń mú bíípì wálẹ̀, sábẹ́ ahọ́n rẹ̀: bíípì tó bá já lulẹ̀ lójijì á tún gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ibi tí ọpọlọ ti ń kú lọ. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà ṣeé fún aláìsàn mọ́ bó bá ti ju wákàtí 4 àti ààbọ̀ lọ, láti Òmù-Àrán dé Ìlọrin sì ti jẹ ju wákàtí kan lọ nínú rẹ̀. Ẹ kọ aago tí wọ́n rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá sórí ìwé, kí ẹni tó gbé e lọ mú un dání.