Epicurus kì í ṣe bàbá ìsàlẹ̀ àwọn onífàájì

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti sọ orúkọ Epicurus, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, di orúkọ ẹni tó fẹ́ràn oúnjẹ àti ọtí olówó ńlá. Nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pàápàá, bí a bá ti ka Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 17 dé ibi tí àwọn Epikurei, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ti ń bá Pọ́ọ̀lù jiyàn ní Áténì, ẹnì kan á ní: "Àwọn tó ń sọ pé ẹ jẹ́ ká jẹ, ẹ jẹ́ ká mu, torí ọ̀la la ó kú nìyẹn."

Kì í ṣe àwọn o. Ìwé Aísáyà orí 22 ni gbólóhùn yẹn ti wá, òun náà ni Pọ́ọ̀lù tún sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Epicurus ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Erékùṣù Samos ni wọ́n bí i sí ní ọdún 341 ṣáájú ìbí Krístì. Nígbà tó dé Áténì, ó ra ilé àti ọgbà kan, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ́ àwọn èèyàn, débi pé Ọgbà ni wọ́n ń pe ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Seneca, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Róòmù, tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ Epicurus, kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan pé àkọlé ẹnu ọ̀nà Ọgbà náà sọ fún àlejò pé ìgbádùn lohun tó ga jù níbẹ̀. Ẹni tó bá wọlé tán, oúnjẹ ìyẹ̀fun ọkà bálì ni olùtọ́jú ilé máa gbé fún un, pẹ̀lú omi tútù. Omi nìkan ló pọ̀ níbẹ̀! Epicurus fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ kan pé kó fi ìkòkò wàràkàṣì kékeré kan ránṣẹ́, kí òun lè ṣe àsè nígbà tó bá wu òun. Ẹ wo òwàḿbẹ̀ tó jẹ́ wàràkàṣì nìkan ni wọ́n gbé kalẹ̀.

Ta ló wá bà á lórúkọ jẹ́? Ará ilé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Timocrates, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Metrodorus tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àtàtà Epicurus, bínú kúrò nínú Ọgbà, ló bá ń sọ kiri pé ọ̀gá òun máa ń jẹun jù débi pé ó ń bì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ohun mìíràn tún wà ńlẹ̀: Ọgbà gba obìnrin bíi Leontion, ó gba ẹrú bíi Mys, wọ́n sì jọ ń jókòó ronú pọ̀. Ẹ mọ bí ẹnu aráyé ṣe rí.

Ìgbádùn tí bàbá ń wí ni pé kí ara má roni, kí ọkàn má dàrú. Nínú lẹ́tà tó kọ sí Menoeceus, ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ó sọ ọ́ gbangba pé òun ò sọ̀rọ̀ àríyá ọtí tàbí tábìlì ẹja olówó ńlá. Oúnjẹ nígbà tí ebi bá ń pani, ìyẹn pọn dandan. Oúnjẹ olówó ńlá dára bó bá wá, àìsí rẹ̀ ò pani. Òkìkí ní tirẹ̀ ò ní òpin, ẹni tó bá ń lé e kò lè sinmi.

Wọ́n tún ní kò gbà pé ọlọ́run wà. Lẹ́tà yẹn kan náà sọ pé àwọn ọlọ́run wà dájúdájú. Ohun tó kọ̀ ni ìtàn tí àwọn èèyàn ń so mọ́ wọn, pé wọ́n ń bínú, pé wọ́n ń ṣe ojúsàájú. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ayọ̀ rẹ̀ pé kì í bínú séèyàn. Èmi ò bá a lọ níbẹ̀, torí mi ò rí ohun tí mo fẹ́ fi ọlọ́run tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni ká bá a jà lé lórí.

Ní nǹkan bí ọdún 270 ṣáájú ìbí Krístì, òkúta dí ojú ìtọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló fi wà nínú ìrora kó tó kú. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó dá Mys sílẹ̀ lóko ẹrú. Ó kọ̀wé sí Idomeneus, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé ìrora náà ò lè le ju báyìí lọ, àmọ́ ìrántí ọ̀rọ̀ tí àwọn jọ máa ń sọ ń fún òun láyọ̀ tó tó ìrora náà. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun tọ́jú àwọn ọmọ Metrodorus.